Sàlàkọ́ àti Àwọn Olùṣọ́ Ọ̀nà Odò

Bí o bá fẹ́ rí ìjà àwọn ará Ìdó-Amọ̀ láyé àtijọ́, sọ fún wọn pé ìkòkò wọn ń jò. Àwọn ọkùnrin ìlú náà ń roko bí ti ibi gbogbo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìkòkò mímọ tí àwọn obìnrin wọn ń ṣe ló gbé orúkọ wọn jáde. Àdúgbò méjì ló wà ní ìlú náà, Ìsàlẹ̀-Odò àti Òkè-Àpáta, kòtò amọ̀ kan ṣoṣo tó dára ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì, létí odò. Amọ̀ ibẹ̀ dúdú, ó ń fà, kì í sì í sán nínú iná. Òmíràn wà lọ́nà Igbó-Ẹlẹ́fọ̀n o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jí lọ síbẹ̀ ní kùtùkùtù, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó débẹ̀.

Ìgbà kan wà tí àdúgbò méjèèjì yọ àdá síra wọn nítorí kòtò yìí. Ọkùnrin méjì kú. Inú bí ọba ìgbà náà gidigidi, ó sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, eré ni wọn yóò máa fi du kòtò, kì í ṣe àdá. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe eré náà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin. Àdúgbò tó bá borí ló ni kòtò amọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni láti àdúgbò kejì kò gbọdọ̀ ki ọkọ́ bọ inú rẹ̀ títí ọdún náà yóò fi pé. Bí wọ́n bá jẹ́ ọgbọọgba, ẹni tí kò ní kòtò lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni yóò gbà á.

Inú ọjà ni wọ́n ti ń ṣe eré náà, ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ná an tán. Ọ̀nà Odò wà lápá òsì ọjà, Ọ̀nà Ààfin wà níwájú gan-an, Ọ̀nà Àgbẹ̀dẹ wà lápá ọ̀tún, àtíbàbà àwọn oníṣòwò ló sì yí ibi yòókù ká. Wọn a gbé ìtì igi kan dábùú ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Igi yìí kò ga ju kókósẹ̀ lọ, wọ́n sì gbẹ́ ojú rẹ̀ kí ohun tó ń yí bọ̀ lè gorí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù a dúró sídìí igi ọdán tó wà láàárín ọjà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn alátakò rẹ̀ a sì ju ọmọ ìrẹ́ sí i. Ọmọ ìrẹ́ ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi oje igi ìrẹ́ wé títí tó fi tó ọsàn. Bí ó bá gbá a, tí ó sì gba ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta náà kọjá ìtì igi kí àwọn olùṣọ́ tó mú un, àdúgbò rẹ̀ jẹ ẹyọ kan nìyẹn. Olùṣọ́ mẹ́sàn-án láti àdúgbò kejì ló máa ń wà, àṣà wọn sì ni kí mẹ́ta dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbá. Ìyálọ́jà ni onídàájọ́, nítorí ọjà rẹ̀ ni.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń fi ojú sí lára ni Sàlàkọ́ ará Ìsàlẹ̀-Odò. Àgbẹ̀ ni, ó síngbọnlẹ̀, apá rẹ̀ tó itan ẹlòmíràn. Láti kékeré ló ti ń kọ ebè, òsì ló sì máa ń wọ́ erùpẹ̀ sí. Nígbà tó wá di pé ó gbé ọ̀pá dípò ọkọ́, òsì yìí náà ni gbogbo agbára rẹ̀ ń dà sí. Nínú eré tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá ọmọ ìrẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba Ọ̀nà Odò jáde bí ẹni pé wọ́n pè é lọ́hùn-ún. Èyí tó gbá kẹ́yìn nínú wọn, wọn kò rí i mọ́ di bí mo ti ń wí yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kòtò amọ̀ ṣe bọ́ sí ọwọ́ Ìsàlẹ̀-Odò.

Ìyá Sàlàkọ́ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Sàlàkọ́ wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìkòkò ni obìnrin náà sì fi tọ́ ọ dàgbà. Nísinsìnyí ó ti darúgbó, orúnkún méjèèjì ń dùn ún, bí ó bá sì ti rìn kọjá odò, àfi kó jókòó sinmi. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá a wa amọ̀. Ó ní ó dìgbà tí òun bá fi ahọ́n tọ́ ọ wò kí òun tó mọ èyí tí yóò sán nínú iná àti èyí tí kò ní í sán. Nígbà tí eré tún kù díẹ̀, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Bí wọ́n bá gba kòtò yìí lọ́wọ́ wa, n kò lè rìn dé Igbó-Ẹlẹ́fọ̀n. Ìkòkò tí mo bá mọ lọ́sẹ̀ yìí ni màá fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀.” Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dun Sàlàkọ́ dé ọkàn, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ọwọ́ ìyá òun bá kúrò nínú amọ̀, nǹkan mìíràn yóò tètè tẹ̀ lé e.

Òkè-Àpáta náà ní akọni tiwọn. Ọdẹ́tọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọdẹ ni. Kò lágbára tó Sàlàkọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sùn. Ẹ mọ̀ pé ọdẹ gidi kì í fi eré sísá pa ẹran. Ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà ló ń lọ dúró sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ọdẹ́tọ́lá fi ń ro ti Ọ̀nà Odò.

Àṣà wọn ni láti fi eré kan dánra wò nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ ìdánrawò yìí, bí Sàlàkọ́ ti gbé ọ̀pá dé ìdí igi ọdán, Ọdẹ́tọ́lá nawọ́ sókè.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kó ara yín lọ sí Ọ̀nà Odò!”

Wọ́n kó ara wọn lọ lóòótọ́. Olùṣọ́ mẹ́jọ ló rọ́ gìrìgìrì síbẹ̀, wọ́n tò ní ìpele méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní Ọ̀nà Ààfin. Ní Ọ̀nà Àgbẹ̀dẹ, ewúrẹ́ nìkan ló wà.

Àwọn Ìsàlẹ̀-Odò pariwo. Ìlọ̀rí, ọ̀rẹ́ Sàlàkọ́, sáré lọ síwájú Ìyálọ́jà, ó dọ̀bálẹ̀. “Ìyálọ́jà, èyí kọ́ là ń ṣe! Mẹ́ta mẹ́ta là ń dúró láti ìgbà ìwáṣẹ̀!”

Ìyálọ́jà ń jẹ obì rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Kí ni ọba wí, Ìlọ̀rí?”

“Ọba ní olùṣọ́ mẹ́sàn-án.”

“Ó sọ ibi tí wọ́n máa dúró sí?”

“Kò sọ ọ́, Ìyálọ́jà.”

“Èmi náà kò ní í bá a sọ ọ́. Ẹ máa gbá.”

Sàlàkọ́ gbá èkínní, wọ́n hán an. Ó gbá èkejì kíkankíkan, ó ba ẹnì kan láyà, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ sì mú un. Ìkẹta náà, wọn kò tilẹ̀ sáré kí wọ́n tó gbà á. Àwọn ará Òkè-Àpáta ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Sàlàkọ́, kú iṣẹ́ o! A ti ń retí ẹ láti àárọ̀!” Ojú ti ọkùnrin náà débi pé ẹ̀yìn àtíbàbà ló gbà lọ sílé.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹni tó gbójú lé agbára máa ń ṣe bí agbára kò bá ràn án mọ́? Ó máa ń lọ wá agbára sí i ni. Sàlàkọ́ gba oko lọ, ó ń gbá ọmọ ìrẹ́ mọ́ ara igi. Ìlọ̀rí dúró tì í, ó ń wí pé, “Gbá a le sí i, ọ̀rẹ́ mi! Tó bá le tó, kò sí ọwọ́ tó máa gbà á!” Ọ̀pá méjì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Gbogbo èyí tó gbá, òsì náà ni wọ́n ń lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ó dé bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń mọ ìkòkò. Bí àwọn obìnrin Ìdó-Amọ̀ ṣe ń mọ ọ́n ni pé wọn a gbé amọ̀ lé orí ìdí ìkòkò àlòkù kan nílẹ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká bí wọ́n ti ń fà á sókè. Àwẹ̀ró ń yí i ká díẹ̀díẹ̀, ó ń tiro.

“Sàlàkọ́, o ń mí bí ẹran tí wọ́n lé,” ni ìyá náà wí, kò gbójú sókè.

“Ìyá mi, wọ́n ti dí ọ̀nà mi.”

“Ọ̀nà rẹ? Ta ló fún ọ lọ́nà?”

“Ibẹ̀ lọwọ́ mi ń lọ. Mo fẹ́ kí ọmọ ìrẹ́ yà sí ibòmíràn, kò gbọ́ tèmi.”

Àwẹ̀ró dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Wo ìkòkò yìí. Ṣé ó ń yí?”

“Rárá o.”

“Ta ló ń yí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Bí mo bá jókòó síbì kan tí mo ń bẹ ìkòkò pé kó jọ̀ọ́ kó yí ẹ̀yìn sí mi, ilẹ̀ á ṣú, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń gbé, pẹ̀lú bó ṣe ń dùn mí yìí. Ẹsẹ̀ tìrẹ dà? Mo wò ọ́ nínú ọjà lọ́jọ́ ìdánrawò, ojú kan náà ni o máa ń gbìn ín sí bí igi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bu amọ̀ tútù, ó rọ ọ́ ní róbótó róbótó bí ogún, ó gbé àpótí ìjókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n sí i níkọ̀ọ̀kan. Amọ̀ kì í dà bí ọmọ ìrẹ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè purọ́ ibi tó ti bà á. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà, wọ́n tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni Sàlàkọ́ rí i pé bí òun bá yára pàdé rẹ̀ níwájú ara òun, òsì ló ń lọ. Bí òun bá fara balẹ̀ jẹ́ kó dé ọ̀gangan ìbàdí, tí òun sì gbé ẹsẹ̀ òsì ya ọ̀tún díẹ̀, ọ̀tún ló ń yà sí. Ó fi ọmọ ìrẹ́ dán an wò, bákan náà ló rí. Ṣùgbọ́n ìgbá tí kò lágbára ni. Ó kàn máa ń yí nílẹ̀ ni.

“Ìyá mi, ìgbá ọmọdé lèyí. Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín títí màá fi kú.”

“Kí lò ń du, iyì ni àbí kòtò?”

Sàlàkọ́ wo orúnkún ìyá rẹ̀ tó wú, omi sì lé sí i lójú. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní kí ìyá òun tún máa ju amọ̀.

Ọjọ́ eré pé. Gbogbo ìlú ló dà sínú ọjà, àwọn ọmọdé gun orí àtíbàbà títí ọ̀kan fi ya lulẹ̀. Òkè-Àpáta ló kọ́kọ́ gbá, wọ́n jẹ ẹyọ méje, Ìyálọ́jà sì ka òkúta méje sínú igbá wọn. Ìsàlẹ̀-Odò náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn, wọ́n lé wọn, wọ́n bá wọn, òkúta tiwọn náà pé méje. Ó wá ku Sàlàkọ́ nìkan. Bí kò bá jẹ ẹyọ kan péré, ọgbọọgba ni wọ́n, kòtò amọ̀ sì ti lọ nìyẹn.

Bó ti yọ lókèèrè, Ọdẹ́tọ́lá tún nawọ́. Olùṣọ́ mẹ́jọ rọ́ lọ sí Ọ̀nà Odò. Èyí tó kù ní Ọ̀nà Ààfin náà ń sún mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àríyá wà.

Ọdẹ́tọ́lá fúnra rẹ̀ ló ju ọmọ ìrẹ́. Ariwo sọ láti Ìsàlẹ̀-Odò: “Là á! Sàlàkọ́, là á!” Kí ẹ má bú u, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹni tí wọ́n ti ń yìn fún agbára láti ọdún mẹ́ta, tí wọ́n wá ń pariwo agbára sí létí, ìba díẹ̀ ló lè rántí ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún. Ó fi gbogbo ara là á. Ọmọ ìrẹ́ fò lọ sí Ọ̀nà Odò, ọkùnrin kan fi àyà gbà á, ó ṣubú sẹ́yìn, kò sì jẹ́ kó bọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó rántí. Ó dúró dè é, àmọ́ dídúró rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ ìrẹ́ fẹnu ba ìdí ọ̀pá, ó bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí èso tó pọ́n. Òkè-Àpáta bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan kígbe pé kí wọ́n gbé ọkọ́ fún un, pé ọ̀pá kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìlọ̀rí bo ojú. Sàlàkọ́ wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ìyá náà kò pariwo, kò sì bo ojú. Ìka kan ló nà sílẹ̀, tó fi ń yí ilẹ̀ ká rọra.

Ọdẹ́tọ́lá ju ẹ̀kẹta. Sàlàkọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì ya ọ̀tún. Ó dúró, ó dúró, àwọn èèyàn rò pé kò ní í gbá a mọ́, àfi ìgbà tó dé ọ̀gangan ìbàdí rẹ̀ tó fi ọ̀pá kàn án pọ́. Bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń sùn ló rí. Ọmọ ìrẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó forí lé Ọ̀nà Àgbẹ̀dẹ, ó sì ń yí lọ.

Kò yára rárá. Olùṣọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló bẹ́ sáré láti Ọ̀nà Odò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà níwájú ń yíjú, àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n, mẹ́ta ṣubú lé ara wọn lórí lábẹ́ igi ọdán. Ọmọ ìrẹ́ ń yí lọ ní tirẹ̀. Ó kọjá ibi tí àwọn eléwé máa ń pàtẹ sí, ó kọlu òkúta kékeré kan, gbogbo Ìsàlẹ̀-Odò dá èémí dúró, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́nu Ọ̀nà Àgbẹ̀dẹ gbórí sókè, ó wò ó, ó tún gbórí sílẹ̀. Ọmọ ìrẹ́ gorí ìtì igi, ó sì bọ́ sí òdì kejì. Ọwọ́ olùṣọ́ tó yára jù lọ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan sí i lọ.

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó wà lóko gbọ́. Wọ́n gbé Sàlàkọ́ sókè, ṣùgbọ́n ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Ọdẹ́tọ́lá lọ bá Ìyálọ́jà, òógùn bò ó. “Ìyálọ́jà, ìyẹn kì í ṣe ìgbá! Ọmọ ìrẹ́ náà ń rìn ni!”

“Ọba ní kó máa sáré ni?”

Ọdẹ́tọ́lá nu òógùn ojú rẹ̀.

“Ọ̀nà mélòó ló wọ ọjà mi?”

“Mẹ́ta ni, Ìyálọ́jà.”

“Mélòó lo ṣọ́?”

Ọdẹ́tọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Amọ̀kòkò ni Fádérera ìyàwó rẹ̀, àkọ́bí wọn kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin. Nítorí ìyàwó yìí ni ọkùnrin náà ṣe fi ọdún mẹ́ta ronú. Fádérera dúró sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti ń wo ọ̀nà Igbó-Ẹlẹ́fọ̀n.

Àwẹ̀ró rí i. Ó dìde, ó tiro la àárín àwọn tó ń jó kọjá, ó lọ bá a.

“Ìyàwó, ṣé Igbó-Ẹlẹ́fọ̀n lo fẹ́ máa pọn ọmọ yìí lọ?”

“Kí ni mo lè ṣe, ìyá?”

“Lọ́la, wá pàdé mi létí kòtò. Gbé agbọ̀n méjì lọ́wọ́.”

Ọdẹ́tọ́lá gbójú sókè. “Ẹ ṣeun, ìyá, ṣùgbọ́n òfin kò gbà á. A kò gbọdọ̀ wa amọ̀ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.”

“Òfin ní kí ẹ má ki ọkọ́ bọ̀ ọ́. Ta ló ní kó ki ọkọ́ bọ̀ ọ́? Èmi ni màá wà á, èmi ni màá fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ẹsẹ̀ mi ni kò lè rù ú délé mọ́. Ìyàwó yìí á bá mi ru tèmi délé, lẹ́yìn náà á padà wá ru tirẹ̀. Ṣé ọba sọ pé kí wọ́n má ru amọ̀?”

Gbogbo ojú yí sí Ìyálọ́jà. Obìnrin náà wo Àwẹ̀ró, ó wo Ọdẹ́tọ́lá tó ṣì jókòó nílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀.

“Àṣé ọ̀dọ̀ rẹ lọmọ ti jogún ọgbọ́n ẹ̀! Ẹ má wojú mi. Mi ò rí ohun tí mo lè kà sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fádérera ti dúró létí kòtò pẹ̀lú agbọ̀n méjì kí Àwẹ̀ró tó débẹ̀. Kí oṣù tó parí, kò sí ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀-Odò tí kò ní ìyàwó Òkè-Àpáta tó ń bá a ru amọ̀. Ohun tí àwọn àgbà Ìdó-Amọ̀ fi ojú ara wọn rí nìyẹn, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.